Ẹ Má Ha Awọ Owó Idẹ Róòmù Dànù

Ẹ jẹ́ kí n ti ibi tó ń dùn mí jù bẹ̀rẹ̀. Tí owó idẹ Róòmù bá bọ́ sí yín lọ́wọ́, bóyá ẹ hú u nínú oko ni o, bóyá ẹ rà á ni o, bóyá ìyá arúgbó kan ládùúgbò ló fún yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ pé ó nira. Àwa Yorùbá ò lè rí idẹ tó dọ̀tí ká gbójú kúrò, wọ́n ní Ọ̀ṣun gan-an ń wẹ idẹ kó tó wẹ ọmọ, ẹni tó bá sì ṣe Boys' Brigade ní ṣọ́ọ̀ṣì bíi tèmi á rántí bá a ṣe máa ń fi Brasso nu irin bẹ́líìtì títí á fi máa kọ mànà kí ọ̀gá tó wá yẹ̀ wá wò. Ṣùgbọ́n idẹ tó ti wà nínú ilẹ̀ fún bí 1,700 ọdún, ọ̀rọ̀ tiẹ̀ yàtọ̀. Ohun tẹ́ ẹ rò pé ìdọ̀tí ni yẹn, òun gan-an ló di ojú ọba tó wà lára owó yẹn mú.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílẹ̀ lọ́hùn-ún ni pé bàbà tó wà nínú idẹ á máa gba omi àti atẹ́gùn inú ilẹ̀ sára, díẹ̀díẹ̀ á máa yí padà, ìpele pupa kan á kọ́kọ́ bò ó, lẹ́yìn náà ìpele aláwọ̀ ewé á tún gun orí pupa yẹn. Tó bá pẹ́ tó, òkè owó yẹn pátápátá, níbi tí lẹ́tà wà, níbi tí imú ọba àti irun ẹ̀ wà, kì í ṣe idẹ mọ́, awọ yẹn nìkan ló kù tó gbé àwòrán náà dúró. Torí náà téèyàn bá da fínígà sí i, tàbí ó fún ọsàn wẹ́wẹ́ lé e lórí, tàbí ó so ó mọ́ wáyà bátìrì nínú omi iyọ̀ bí mo ṣe ń rí i táwọn kan ń ṣe nínú fídíò, awọ á bó, irin pupa tó kún fún ihò lá kù lọ́wọ́ ẹ̀, kò ní rí ọba, kò ní rí lẹ́tà, kò sì sí ẹni tó lè dá a padà láyé.

Kent ni mò ń gbé, àwa Yorùbá sì ti pọ̀ níbí gan-an báyìí. Richborough ò jìnnà sí wa, ibẹ̀ ni wọ́n gbà pé àwọn ọmọ ogun Róòmù gúnlẹ̀ sí lọ́dún 43 nígbà tí wọ́n wá gba ilẹ̀ Britain, Rutupiae ni wọ́n ń pè é láyé ijọ́un. Nígbà tí wọ́n gbẹ́ ibẹ̀ láàárín ọdún 1922 sí 1938, owó tó jáde nílẹ̀ ju 50,000 lọ, idẹ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ìfẹ́ owó yìí ti mú mi. Lọ́jọ́ Sátidé tí iṣẹ́ ò bá sí, mo máa ń lọ ràn wọ́n lọ́wọ́ ní mùsíọ́mù kan níbí, a ó to owó idẹ sínú àpò, a ó kọ nọ́ńbà sí i, a ó gbé e sábẹ́ lẹ́ńsì, a ó máa wò ó.

Àwọn èèyàn sábà máa ń béèrè pé kí ló dé tí mi ò nífẹ̀ẹ́ sí wúrà tàbí fàdákà wọn. Mo nífẹ̀ẹ́ sí i, ṣùgbọ́n idẹ ni owó mẹ̀kúnnù. Ẹni tó bá ń ka Bíbélì mọ opó yẹn nínú Máàkù orí kejìlá, tó sọ owó wẹ́wẹ́ méjì sínú àpótí. Nínú èdè Gíríìkì tí wọ́n fi kọ ìwé náà, Máàkù ní méjèèjì pa pọ̀ jẹ́ kodrantes kan, ìyẹn quadrans ti àwọn ará Róòmù, idẹ tó kéré jù lọ́jà wọn. Quadrans mẹ́rin ló ń ṣe as kan, as mẹ́rin ló ń ṣe sestertius kan, sestertius mẹ́rin ló wá ń di denarius kan tó jẹ́ fàdákà, denarius yìí náà sì ni baálé ilé inú Mátíù orí ogún bá àwọn alágbàṣe ṣe àdéhùn ẹ̀ fún iṣẹ́ ọjọ́ kan. Ẹ ṣírò ẹ̀, quadrans 64 kéèyàn tó gba owó iṣẹ́ òòjọ́. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń ra búrẹ́dì, òun ló ń jábọ́ lọ́wọ́ ọmọdé, òun ló ń bọ́ sí àárín pákó ilẹ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní torí ẹ̀ tú ilé. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tó fi kún ilẹ̀.

Ó dáa, báwo la ṣe ń mọ èyí tó jẹ́? Kẹ́ ẹ tó ronú omi rárá, ẹ gbé e sórí ìwọ̀n kékeré tó lè ka gíráàmù dé bíńtín, ẹ wọn fífẹ̀ ẹ̀ ní mìlímítà, ẹ kọ méjèèjì sílẹ̀. Sestertius àtijọ́ tóbi, ó máa ń wúwo tó bíi gíráàmù 25, ó máa ń ní S C gàdàgbà lẹ́yìn, ìyẹn ni pé àṣẹ ilé aṣòfin wà lórí ẹ̀. Tí orí ọba bá dé adé onítàn-án bíi ti oòrùn lórí idẹ ayé àtijọ́ yẹn, dupondius ló sábà máa ń jẹ́, ìdajì sestertius nìyẹn. Ṣùgbọ́n ká sòótọ́, èyí tó máa ń bọ́ síni lọ́wọ́ jù kì í ṣe èyí, àwọn kéékèèké ìgbà Constantine, ọba Róòmù, àtàwọn ọmọ ẹ̀ ni. Lọ́dún 294 tàbí nítòsí ẹ̀ ni Diocletian, tó jọba ṣáájú Constantine, ṣe owó tuntun, idẹ ńlá tó ní fàdákà díẹ̀ nínú, bíi gíráàmù 10, kò sì ju ogójì ọdún lọ tí owó yẹn fi rù débi pé bíi gíráàmù 2.5 ló kù. Ẹni tí nǹkan bá ti ń wọ́n lọ́jà ìlú ẹ̀ á mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, ìjọba ń fi irin kan náà rọ owó púpọ̀ sí i.

Ìmọ́lẹ̀ ló ṣe pàtàkì jù lọ. Ẹ má tan iná sí i láti òkè, kò ní fi nǹkan kan hàn yín. Ẹ pa iná yàrá, ẹ gbé tọ́ọ̀ṣì fóònù sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó yẹn kí ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ máa gba etí kọjá, kẹ́ ẹ wá máa yí owó náà díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà tẹ́ ẹ ti sọ pé kò sí á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ òjìji. Mo ti rí i tí owó tí gbogbo èèyàn ti kọ "kò ṣeé kà" sí lára fi orúkọ ọba àti ìlú ẹ̀ hàn pátápátá báyìí, láìsí pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kan awọ ẹ̀.

Ẹ̀yìn owó ló máa ń sọ̀rọ̀ jù iwájú lọ. Ká mú ọ̀kan tó wọ́pọ̀ jù: ṣójà méjì dúró kọjú síra wọn, wọ́n mú ọ̀kọ̀, àsíá wà láàárín wọn, wọ́n kọ GLORIA EXERCITVS yí i ká, ògo àwọn ọmọ ogun (V ni wọ́n ń fi ṣe U, kó má dà yín láàmú). Ẹ ka àsíá yẹn. Tó bá jẹ́ méjì, ọdún 330 sí 335 ni wọ́n rọ ọ́, tó bá jẹ́ ọ̀kan, láti 335 lọ sókè ni, owó náà á sì fúyẹ́ sí i. Ṣé ẹ rí i, lẹ́tà lè parẹ́ tán, ojú ọba lè jẹ tán, àsíá kan tàbí méjì ti tó láti fún yín ní ọdún. Tí àkọlé iwájú bá ṣì wà, MAX AVG lẹ́yìn orúkọ Constantine túmọ̀ sí bàbá fúnra ẹ̀, NOB C sì túmọ̀ sí pé àrẹ̀mọ nìyẹn, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹ̀, èyí sì gba ìṣọ́ra torí ó sọ ọmọ kan ní Constantine, ó sọ ìkejì ní Constantius, ó sọ ìkẹta ní Constans. Lẹ́tà méjì péré ló lè ya bàbá sọ́tọ̀ kúrò lára ọmọ, ẹ wá wo ohun tí fínígà lè bàjẹ́.

Ìsàlẹ̀ pátápátá lẹ́yìn owó, lábẹ́ ìlà tí àwọn ṣójà yẹn dúró lé, ibẹ̀ ni wọ́n ń kọ ìlú tí wọ́n ti rọ owó sí. TR ni Trier ní ilẹ̀ Jámánì òní, PLG ni Lyon, SIS ni Siscia tó wà ní Croatia báyìí, SMANT ni Áńtíókù, PLN tàbí PLON sì ni London, tí wọ́n ti ilé ìrọwó ibẹ̀ pa lọ́dún 325. Èyí tó máa ń da àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rú ni CONST. Ẹnikẹ́ni á rò pé Constantinople ni. Arles ní ilẹ̀ Faransé ni o, wọ́n yí orúkọ ìlú yẹn padà sí Constantina lọ́dún 328, owó ẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ orúkọ tuntun.

Èyí tí èmi fẹ́ràn jù nínú gbogbo wọn ò ní orúkọ ọba kankan lórí. VRBS ROMA ni wọ́n kọ síwájú ẹ̀, obìnrin tó dé akoto ogun ló wà níbẹ̀, tẹ́ ẹ bá yí i padà, ìkookò ló dúró tó ń fún ìbejì lọ́mú, ìràwọ̀ méjì wà lókè ẹ̀. Romulus àti Remus, àwọn tí ìtàn ní wọ́n tẹ Róòmù dó. Láti 330 ni wọ́n ti ń rọ ọ́. Ọmọ Yorùbá wo ló máa rí ìbejì lórí owó tí ò ní dúró wò ó?

Òmíràn tún wà tó máa ń mú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì mi lọ́kàn tí mo bá fi fọ́tò ẹ̀ hàn wọ́n. Magnentius, tó gba ìjọba lọ́dún 350 tí wọ́n sì ṣẹ́gun ẹ̀ lọ́dún 353, rọ idẹ kan tí àmì orúkọ Kristi, X àti P tí wọ́n gbé léra, gba gbogbo ẹ̀yìn owó náà, alfa wà lápá kan, omega wà lápá kejì. Bẹ́ẹ̀ Constantine tí gbogbo ayé mọ̀ pé ó di Kristẹni, ọdún mélòó kan lẹ́yìn ogun afárá Milvian ti 312, tí wọ́n so ìyípadà ẹ̀ mọ́, òrìṣà oòrùn ṣì wà lẹ́yìn owó ẹ̀, SOLI INVICTO COMITI, fún oòrùn tí a kò lè ṣẹ́gun, ẹnìkejì ọba. Owó ò ní kí ìtàn rọrùn bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún wa ní Sunday school, ìyẹn ló fi dùn ún kà.

Kí n tó gbàgbé, ti ayédèrú. Ẹ wo etí owó yípo, tẹ́ ẹ bá rí ìlà tó lọ yíká bí ibi tí wọ́n ti pa mọ́ọ̀dù méjì pọ̀, tàbí ihò kéékèèké bíi ti ìfófòó lórí ojú ọba, ẹ fura sí i, torí òòlù ni wọ́n fi ń lu owó Róòmù wọ̀nyí láàárín irin méjì tí wọ́n gbẹ́ àwòrán sí, wọn kì í dà á bẹ́ẹ̀. Àmọ́ àfarawé ayé àtijọ́ tún yàtọ̀ sí ayédèrú tòní o. Láwọn ọdún 350 lọ, owó ò tó ní Britain àti Gaul, ìyẹn agbègbè ilẹ̀ Faransé òní, àwọn èèyàn bá ń rọ tiwọn, ṣójà tó ń gún ẹlẹ́ṣin tó ṣubú, FEL TEMP REPARATIO, ìyẹn ni pé ìgbà ayọ̀ ti padà dé, wọ́n á yà á kó rí wẹ́wẹ́, lẹ́tà ẹ̀ á kàn jẹ́ ìlà lásán torí ẹni tó ń rọ ọ́ ò mọ̀wé. Àwọn oníṣòwò kan máa ń sọ wọ́n nù. Èmi ò gbà pẹ̀lú wọn rárá, torí ọwọ́ àgbẹ̀ àti alágbẹ̀dẹ ìlú kékeré ló wà lára ìyẹn, kì í ṣe ọwọ́ ààfin.

Ní ti ìtọ́jú, ohun tí mo lè sọ ò pọ̀, torí iṣẹ́ sùúrù ni gbogbo ẹ̀. Ohun tá a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tá a bá fagbára mú ní í le koko. Tí iyẹ̀pẹ̀ bá bò ó débi pé ẹ ò rí nǹkan kan, omi distilled ni kẹ́ ẹ rẹ ẹ́ sí, irú èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń rọ sí bátìrì ọkọ̀, kì í ṣe omi ẹ̀rọ, torí kẹ́míkà kílórínì wà nínú omi ẹ̀rọ, ẹ máa pààrọ̀ ẹ̀, ẹ jẹ́ kó pẹ́. Lẹ́yìn náà igi ìtayín tàbí ẹ̀gún igi ni kẹ́ ẹ fi máa ṣí iyẹ̀pẹ̀ yẹn kúrò lábẹ́ lẹ́ńsì, ibi tẹ́ ẹ bá ti kan awọ tó le tó sì ń dán, ẹ dúró níbẹ̀. Òróró ólífì tí wọ́n máa ń sọ pé kẹ́ẹ rẹ ẹ́ sí fún oṣù gbọọrọ, mi ò fara mọ́ ọn, ásíìdì wà nínú òróró yẹn náà, díẹ̀díẹ̀ ló máa ń jẹ awọ. Tó bá gbẹ dáadáa tán, àwọn mùsíọ́mù máa ń fi ìda tín-ínrín kan pa á lára, Renaissance Wax, British Museum ló ṣe é láwọn ọdún 1950. Ìyẹn ti tó.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bẹ̀rù ni àrùn idẹ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pè é lóòótọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí kòkòrò kankan nínú ẹ̀. Iyọ̀ inú ilẹ̀, tàbí ti etíkun, tàbí ti ajílẹ̀ tí àgbẹ̀ ń dà sóko, á wọlé sínú idẹ, á bá bàbà di nǹkan mìíràn lábẹ́ awọ, níwọ̀n ìgbà tí ibi tó wà bá gbẹ, kò ní ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n tí ọ̀rinrin àti atẹ́gùn bá ti kàn án, á hó síta bí àtíkè, aláwọ̀ ewé tó mọ́ yòò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, ásíìdì tó ń ti ibẹ̀ jáde á sì tún máa jẹ idẹ tó kù, bó ṣe ń jẹ ni á máa bí òmíràn. Ojú lásán lè má tó láti dá a mọ̀ yàtọ̀ sí awọ tó dáa, torí àwọ̀ ewé náà ni méjèèjì, ẹ mú abẹ́rẹ́. Awọ tó dáa le, abẹ́rẹ́ á yọ̀ lórí ẹ̀. Àrùn idẹ rọ̀, á bó bí ẹfun. Ẹ yà á sọ́tọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ gbé e sínú ike tó dé dáadáa pẹ̀lú àpò silica gel, àwọn àpò kéékèèké tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun wọ̀nyẹn, kí ọ̀rinrin inú ike náà má ju 35% lọ, kẹ́ ẹ wá wá àwọn onímọ̀ ìtọ́jú. Kẹ́míkà tí wọ́n ń lò fún un, benzotriazole, kò yẹ nínú kíṣìnnì tí ọmọ ń wọ̀.

Ibi tẹ́ ẹ ń kó wọn sí náà ṣe pàtàkì, àwọn láìlọ́nù rírọ̀ tó ní PVC máa ń tú ásíìdì jáde bó bá ń gbó, á wá fi nǹkan ewé yíyọ̀ kan sára owó. Ẹ wá èyí tí kò ní PVC. Dúróòwá igi oak náà ò dáa, ó ń mí ásíìdì jáde, mahogany làwọn ará ibí ti ń lò fún owó tipẹ́tipẹ́.

Mo wá fẹ́ padà sórí Richborough, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi ti wúwo jù. Àwọn owó tó rẹwà kọ́ ló sọ bí ibẹ̀ ṣe parí. Àwọn tó burẹ́wà jù ni, idẹ ọdún 388 sí 402, mìlímítà 13 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, gíráàmù kan lásán, Victory, òrìṣà ìṣẹ́gun tó ní ìyẹ́ bíi ti angẹ́lì, tó ń wọ́ ẹlẹ́wọ̀n nílẹ̀, èyí tí ẹnikẹ́ni ò ní san owó gidi lé. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọn ló jáde níbẹ̀. Lẹ́yìn 402, idẹ tuntun ò fẹ́rẹ̀ẹ́ dé Britain mọ́. Torí náà àwọn bíńtín wọ̀nyẹn ló fi hàn pé wọ́n ṣì ń kó owó wá fún ibẹ̀ títí dé ìparí, nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti ń dákẹ́. Richard Reece, onímọ̀ owó àtijọ́, pín gbogbo owó Róòmù tí wọ́n rí ní Britain sí ìgbà 21, ó sì ń fi iye tó wà nínú ìgbà kọ̀ọ̀kan wé ìlú sí ìlú, báyẹn la ṣe ń mọ ibi tó yàtọ̀. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yẹn ò ṣeé ṣe tí ẹ bá mú owó kúrò níbi tó wà láìkọ ibẹ̀ sílẹ̀.

Ẹ wo ti Frome, ní Somerset. Oṣù kẹrin ọdún 2010, ọkùnrin kan tó ń fi ẹ̀rọ wá irin nínú oko rí owó díẹ̀, ó gbẹ́ ẹ, ó kan ìkòkò. Ó dá ọwọ́ dúró, ó da iyẹ̀pẹ̀ bò ó padà, ó pe àwọn awalẹ̀pìtàn. Ohun tó wà nínú ìkòkò yẹn jẹ́ owó 52,503, nǹkan bíi kílò 160. Torí pé wọ́n kó o ní ìpele ìpele ni wọ́n fi mọ̀ pé owó Carausius, ọ̀gágun tó dìtẹ̀ gba Britain lọ́dún 286, tó yẹ kó wà lókè torí òun ló dé gbẹ̀yìn, ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ wà nísàlẹ̀. Ìyẹn ni pé wọn ò máa fi í pamọ́ díẹ̀díẹ̀, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n da gbogbo ẹ̀ sínú ẹ̀. Àwọn onímọ̀ British Museum bá ń sọ pé ó lè jẹ́ ẹbọ fún òrìṣà ni. Ọmọ Yorùbá tó bá gbọ́ ti ìkòkò owó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ ò ní nílò àlàyé gígùn. Ká ní ọkùnrin yẹn fi ṣọ́bìrì kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ńkọ́? Owó á wà, ẹbọ ò ní sí.

Ìdí nìyí tí mi ò fi ń ra àwọn owó tí wọn ò tíì fọ̀ tí wọ́n ń tà ní kílò kílò lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń wá láti Bulgaria àti àwọn orílẹ̀-èdè tó wà lágbègbè ẹ̀, níbi táwọn èèyàn ti ń fi òru hú ilẹ̀ àtijọ́, kò sí orúkọ oko, kò sí orúkọ abúlé, Amẹ́ríkà gan-an ti fi òfin dí ọ̀nà mọ́ owó àtijọ́ Bulgaria láti 2014. Ó máa ń dùn mí gan-an tí mo bá rí àwọn èèyàn wa tí wọ́n ń rà á fún ọmọ pé kí wọ́n fi kọ́ ìtàn.

Níbí ní England, òfin 1996 sọ pé tí owó idẹ tó ju 300 ọdún lọ bá tó mẹ́wàá tí wọ́n wà pa pọ̀, ìṣúra ni, ẹ gbọ́dọ̀ fi tó coroner, òṣìṣẹ́ tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìṣúra, létí láàárín ọjọ́ 14. Ẹyọ kan ṣoṣo, òfin ò sábà mú un, ṣùgbọ́n ẹ lè gbé e lọ bá Portable Antiquities Scheme, tó wà láti 1997, wọ́n á wọ̀n ọ́n, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, wọ́n á kọ ibi tẹ́ ẹ ti rí i sílẹ̀, wọ́n á sì dá a padà fún yín. Ẹ gba àṣẹ lọ́wọ́ onílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbẹ́ ohunkóhun. Tẹ́ ẹ bá sì ti ní ọ̀kan nílé, ẹ fi ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ ya iwájú àti ẹ̀yìn, ẹ kọ gíráàmù àti mìlímítà ẹ̀ sí i, kẹ́ ẹ wá lọ fi wé àwọn tó wà lórí OCRE, àkójọ owó Róòmù orí íntánẹ́ẹ̀tì ti American Numismatic Society, ọ̀fẹ́ ni, lẹ́tà tí ẹ bá rí nìkan lẹ máa tẹ̀ síbẹ̀. Tó bá ṣì ta kókó, ẹ fi fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ wò ó.